Sìgá Oníbátìrì Mi àti Àtọmáísà Tó Ń Fẹ́ Iná Púpọ̀

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ni mo tẹ sìgá tí mo mu kẹ́yìn pa ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ ní Mòwé. Mo mọ aago yẹn dájú torí mo wo fóònù mi. Mo fẹ́ kí ìpinnu náà ní aago tirẹ̀, kí n má baà lè sọ fún ara mi lọ́jọ́ kejì pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Tí n kò bá so nǹkan mọ́lẹ̀, mo mọ bí mo ṣe lè fi àlàyé yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀.

Ohun tó fà á ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti parí ìsìnrú ìlú. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, tí ikọ́ fée ń bá fínra. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo yọ́ jáde lọ mu sìgá kan lẹ́yìn ògiri ilé, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo lá súwíìtì mínńtì, mo wọlé, mo sì gbé ọmọ náà. Ó gbé orí lé mi láyà bí ó ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́ tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Oògùn tí wọ́n ń fín sí i lẹ́nu kò ràn án lọ́wọ́. A gbé e dé ilé ìwòsàn kí èémí rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀.

"Mi ò mọ̀ bóyá sìgá ló fà á," ó wí, "èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n mo ní imú. Tí imú yìí bá tún gbọ́ òórùn sìgá lára ẹ, wàá kó ẹrù ẹ lọ sí ilé bàbá wa ní Ifọ̀, wàá lọ máa dá gbébẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ o. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ràn ẹ kí ọmọ mi má lè mí."

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi, torí àwọn tí kò mu sìgá rí máa ń rò pé ìtìjú nìkan tó láti mú ènìyàn jáwọ́. Ìtìjú wà, ó sì pọ̀. Ẹ̀rù wà lábẹ́ ìtìjú náà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù yẹn, tí n bá máa sọ òtítọ́, sìgá ló wà níbẹ̀. Bí mo ṣe jókòó ní ilé ìwòsàn tí mò ń nu ojú mi, mò ń ronú ibi tí mo fi èyí tó kù nínú páálí sí. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Mo wá rí i pé ohun tó wà nínú mi kò bìkítà fún ọmọ náà. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ bìkítà, kí n sì fi agbára mú òun.

Ní ọjọ́ kẹta, mi ò lè kọ ìlà kan sójú pátákó kí ṣọ́ọ̀kì má já mọ́ mi lọ́wọ́. Tíṣà ni mí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Físíìsì ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìbafò, iṣẹ́ tí mo ti ń pè ní "fún ìgbà díẹ̀" láti ọdún kan ààbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Arepo, tí a jọ ka ìwé, gbọ́ ohun tí ojú mi ń rí, ó sì fún mi ní sìgá oníbátìrì kan tí òun kò lò mọ́.

Kò ju báírò lọ. Bátìrì ló wà nísàlẹ̀. Lókè ni nǹkan kékeré tí wọ́n ń pè ní àtọmáísà wà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ká wáyà tíńtín kan sí yí òwú ká, wọ́n á sì bu omi aládùn tí wọ́n ń pè ní júùsì sí òwú yẹn. Tí o bá tẹ bọ́tìnnì, wáyà á gbóná, júùsì á di ooru, ìwọ á sì fa ooru náà sínú. Ewé kankan kò jó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nikotíìnì tó wà nínú sìgá wà nínú júùsì pẹ̀lú, òun gan-an ló sì mú ènìyàn lẹ́rú. N kò sọ pé ó dára o. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mò ń sọ.

N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ilé àkọ́kù kan ní ìparí àdúgbò wa ni mo ti ń fà á. Mo sọ fún ara mi pé sìgá ni wọ́n ní kí n má mu, èyí kì í sì í ṣe sìgá. Júùsì tèmi ń rùn bíi máńgòrò.

"Níbo lo ti ń rí máńgòrò jẹ lásìkò tí kò sí máńgòrò lọ́jà?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí lọ́jọ́ kan.

"Súwíìtì ni, Sìstá."

"O ti wá ń jẹ súwíìtì. Odindi gírájúéètì."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rọ́gbọ́n dá báyìí. Ṣùgbọ́n nǹkan kékeré yẹn kò lágbára. Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti fà á títí, ọ̀fun mi ṣì ń béèrè nǹkan. Àwọn tó ń mu sìgá á mọ ohun tí mò ń sọ: gbígbá tí èéfín máa ń gbá ènìyàn lọ́fun, tí ara á fi mọ̀ pé ó ti dé. Mi ò rí i. Mo wá ń dúró pẹ́ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń mu sìgá ní ibùdókọ̀ Mòwé, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, tí ọkọ̀ mẹ́ta sì ti kọjá.

Mo lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń ta nǹkan fóònù àti sìgá oníbátìrì nínú kọnténà kan nítòsí ilé ìwé wa ní Ìbafò. Bóyá ẹgbẹ́ mi ni, bóyá mo fi díẹ̀ jù ú lọ. Ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fa tiyín bí ọmọ tó ń fa fídà. Ṣé ó ń tẹ́ yín lọ́rùn ṣá?"

"Kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́."

"Àtọmáísà hai-fótéèjì lẹ nílò. Òun rèé. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò yẹn, ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni." Ó gbé e sórí káńtà. "Ṣùgbọ́n ṣé bátìrì yín lè gbé e? Ó ń fẹ́ iná púpọ̀ o."

"Ó lè gbé e."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Kò dá mi lójú rárá. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló dúró lẹ́yìn mi, ó ń ra ṣájà. Bí mo bá bi ọmọbìnrin yẹn ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó máa di mímọ̀ pé tíṣà Físíìsì kò mọ nǹkan kan nípa iná. Mo sì ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ti fura sí mi pé ìwé ẹ̀rí mi kò wúlò, pé ìbéèrè kan ló kù kí àṣírí mi tú. Nítorí náà mo sanwó, mo gbé àtọmáísà náà, mo ń lọ.

"Tíṣà ni yín, àbí?" ó ké tẹ̀ lé mi. "Ó hàn. Tíṣà kì í béèrè nǹkan."

Nígbà tí mo dé ilé àkọ́kù, mo yọ èyí tó wà lórí bátìrì mi, mo dè tuntun mọ́ ọn, mo tẹ bọ́tìnnì, mo fà á. Kò sí nǹkan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sínú ìgò òfìfo. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn mí. Mo bá parí èrò sí ibi tí gbogbo ará Mòwé máa ń parí èrò sí tí nǹkan oníná kò bá ṣiṣẹ́: wáyà inú rẹ̀ ti jóná.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í da ohun tó ní wáyà nínú nù. Fáànù, ẹ̀rọ tó ń lọ ata, ẹ̀rọ tó ń fa omi, bí iná bá ti sun wáyà wọn, a ó gbé wọn lọ fún rìwáyà: kí wọ́n tú wáyà tó jóná, kí wọ́n fi tuntun wé e. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ omi ẹ̀gbọ́n mi jóná, ó sì ti ní kí n gbé e lọ sí Ifọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá rìwáyà kan wà níbẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ilé bàbá wa, òun nìkan ni ìdílé wa gbà kó fọwọ́ kan nǹkan oníná wa. Mo fi àtọmáísà sínú àpò, mo gbé ẹ̀rọ omi sínú àpò ìrẹsì, mo wọ ọkọ̀.

Tí Bàbá bá ń ka ìyípo wáyà, ẹnikẹ́ni kì í kí i. Tó o bá kí i, ó lè gbàgbé iye tó ti kà, gbogbo ẹ̀ á sì di títú. O kàn máa dọ̀bálẹ̀ láìsọ̀rọ̀, òun á gbé ìka kan sókè pé òun ti rí ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó kà á tán, ó so wáyà mọ́lẹ̀, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Tíṣà wa! Kín lo kó bọ̀?"

"Ẹ̀rọ omi Sìstá ni, sà. Ó ti jóná." Mo wá mú ìkejì jáde. "Èyí náà tún wà, sà. Òun náà ti jóná."

Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Kín rèé?"

Ibí ni mo ti ṣe ohun tó ń dùn mí títí dòní. Bàbá yìí gbé mi kọ́rùn rí. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, òun ló ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn ti di ọ̀gá lórí iná. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ náà "sìgá" jáde lẹ́nu níwájú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi bátìrì ṣe é.

"Mọ́tò kékeré kan ni, sà. Ti... ti nǹkan ìṣeré ọmọ."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ? Èyí tí àyà ń dùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mọ́tò yìí mà kéré o. Ojú mi ò ríran tó báyìí mọ́. Ṣùgbọ́n torí ọmọ yẹn, màá ṣe é."

Ó tú wáyà inú rẹ̀, ó fi í sínú agolo mílíìkì kan. Ó wá fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ wé wáyà kọ́pà tuntun síbẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ àpò, ó ní kí n lọ, pé ti ọmọ náà kì í ṣe títà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo fi ẹ̀rọ omi sílẹ̀ fún un. Láti Ifọ̀ títí dé Mòwé ni mo ń sọ fún ara mi pé irọ́ kékeré ni, pé kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi òwú àti júùsì sí i, mo dè é mọ́ bátìrì, mo jù ú sápò ṣòkòtò kí n tó rí àyè jáde. Mo jókòó ní pálọ̀. Ọmọ wá gun itan mi, ó ń fi mí ṣe ẹṣin. Bó ṣe ń fò sókè sódò, orúnkún rẹ̀ ń tẹ bọ́tìnnì tó wà nínú àpò mi, mi ò sì mọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni ooru lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi. Mo rò pé ọmọ ti tọ̀ sí mi lára. Lẹ́yìn náà, ooru náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí oyin.

Mo gbé ọmọ jù sórí àga, mo fa nǹkan yẹn yọ, ó jó ìka mi, mo sì jù ú gba ẹnu ọ̀nà sí àgbàlá. Ó balẹ̀ sínú yanrìn, ó ń hó ṣíì, ó sì ń rú èéfín tó ń rùn bí ike tó ń jóná.

"Ọ́ńkù, tún jù ú!" ọmọ ń pàtẹ́wọ́ lórí àga.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde láti kíṣíìnì tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. "Kí nìyẹn? Kí lò ń jù sí mi lágbàálá?"

Mo fẹ́ purọ́ o. Irọ́ kan tilẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, pé páwà báńkì fóònù mi ni. Ṣùgbọ́n mo wo ọmọ yẹn, mo rántí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú, irọ́ náà sì kú sí mi lẹ́nu.

"Sìgá ni, Sìstá. Oníbátìrì."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Máńgòrò yẹn?"

"Òun ni."

"Áà." Ó jókòó. "Mo ní kó o lé sìgá jáde, o bá gbé bọ́ǹbù wọlé. Wọ́n tún ní Físíìsì lo kà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí àwọn tó gba odo níbẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ilé àkọ́kù, àtọmáísà, irọ́ tí mo pa fún Bàbá. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé o ti mu sìgá gidi láti ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn?"

"Rárá."

"Wá."

Ó gbóòórùn kọ́là ẹ̀wù mi, ó gbóòórùn ìka mi, ó gbóòórùn irun mi, bí ẹni tó ń ṣa ẹja lọ́jà. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Kò sí níbẹ̀. Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n wàá padà lọ bá Bàbá ní Sátidé tó ń bọ̀, wàá sọ ohun tó o ní kó ṣe fún ẹ. Tó o bá lè sọ fún un, màá mọ̀ pé lóòótọ́ lo fẹ́ jáwọ́. Torí ohun téèyàn bá ń fi pa mọ́, ńṣe ló fẹ́ tọ́jú ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló le jù. Mi ò ní sìgá, mi ò sì ní bátìrì. Ojú ibi tí iná ti jó mi nítan ń ta mí tí mo bá jókòó, inú mi sì dùn pé ó ń ta mí, torí ó ń rán mi létí. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, lásìkò ìsinmi, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta bisikíìtì àti sìgá lẹ́yìn ilé ìwé. Mo ra ẹyọ kan. Ó na láítà sí mi. Mo di sìgá náà mú, mo wo láítà, gbogbo ara mi ń sọ pé ẹyọ kan kò ju ẹyọ kan lọ. Mo bá fi ìka méjèèjì rún un sínú gọ́tà, ewé rẹ̀ ń já bọ́ bí ìyẹ̀fun.

"Bọ̀dá, ṣé kò dáa ni?" obìnrin náà béèrè. "Ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Ó dáa, mà. Ó ti dáa jù."

Nígbà tí mo dé Ifọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá ń kà. Mo dọ̀bálẹ̀, ó gbé ìka sókè. N kò dìde. Ó kà á tán, ó wo ilẹ̀, ó rí mi síbẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà." Mo bá sọ fún un. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà "sìgá" lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó má baà dà bíi pé mo fẹ́ fò ó.

Ó na ọwọ́ sí agolo mílíìkì, ó tú u sórí tábìlì, ó fi ìka wá àárín àwọn wáyà kéékèèké títí ó fi rí èyí tó tú kúrò nínú àtọmáísà mi.

"Ṣé o mọ ohun tí mo fi wé e fún ẹ? Kọ́pà. Kọ́pà kì í dá iná dúró, ńṣe ló ń ṣí ọ̀nà fún un. O ní mọ́tò ni, mo fún mọ́tò ní oúnjẹ mọ́tò. Ká ní o sọ pé ohun tó ń gbóná ni, n kì bá tí fọwọ́ kan kọ́pà. Iná ì bá ti jó ọmọ yẹn, èmi ni wọ́n á sì sọ pé ó wé e." Ó gbé mítà, ó fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan wáyà náà. Abẹ́rẹ́ mítà mì, ó dìde. Bàbá rẹ́rìn-ín kíkorò. "Wò ó. Ó yè. Kò jóná rárá lọ́jọ́ tó o gbé e wá. Èmi náà jẹ̀bi. O ní ó ti jóná, mi ò wọ̀n ọ́n. Mo ní ọmọ ilé ni ẹ́."

"Kí ló wá dé tí kò ṣiṣẹ́, sà?"

"Ebi ló ń pa á. Nígbà tí iná bá wá bí òkú lọ́dọ̀ yín ní Mòwé, ṣé ẹ̀rọ omi yín ń fa omi?"

"Ó kàn ń kùn ni, sà."

"Ṣé ó ti jóná?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀hẹ́n. Wáyà yìí ń dá iná dúró gan-an, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi ń fẹ́ èyí tó lágbára láti tì í. Bátìrì tìẹ ò ní agbára yẹn."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Òfin yẹn gan-an ni mo kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ọjọ́ Túsìdé. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò láìmọye ìgbà. Mo mọ̀ ọ́n lórí ìwé, àmọ́ nígbà tó di tara mi, ẹ̀rù àti ìtìjú bò mí lójú.

Bàbá ní kí n dìde. Ó ní òun náà mu sìgá rí, kí wọ́n tó bí mi. "Àwa ò ní oníbátìrì nígbà náà. Orógbó ni mo fi rọ́pò ẹ̀. Wo eyín mi."

"Ìgbà wo lẹ wá fi orógbó sílẹ̀, sà?"

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ohun àjèjì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ orógbó, ó gé e jẹ. "Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti fi sílẹ̀?"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo padà sí kọnténà ní Ìbafò. Ènìyàn méjì ló wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè kí n má baà rí àyè sá: "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lo àtọmáísà tẹ́ ẹ tà fún mi. Mo parọ́ pé bátìrì mi lè gbé e."

Ọmọbìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Tíṣà ti wá sí kíláàsì! Ẹ jókòó."

Ó ta bátìrì kan fún mi tó rí bíi páálí ìṣáná ńlá, tó ní ojú kékeré tí nọ́ńbà ń hàn lórí rẹ̀ àti bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé agbára iná sókè tàbí sódò. Ó ní tí wáyà bá ṣìṣe, bátìrì yìí á kọ̀, kò ní gbóná bíi ti àtijọ́. Ó kọ́ mi láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí n sì dín in kù tí mo bá ti gbọ́ òórùn òwú tó ń jó. Ó kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ fi í sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, n kò sì gbọ́dọ̀ lo bátìrì tí awọ rẹ̀ ti ya. Mo ra àtọmáísà mìíràn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wé e. Nígbà tí nọ́ńbà ojú bátìrì wà ní fóòtì mẹ́rin, kò sí nǹkan kan. Ní márùn-ún, ó jí. Ní márùn-ún ààbọ̀, ọ̀fun mi mọ̀ ọ́n, èjìká mi sì sọ̀ kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù kan.

Mo fi bátìrì tuntun náà han ẹ̀gbọ́n mi, ó gbà kí n máa lò ó pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Ìta géètì ni, kì í ṣe inú ọgbà. Màá pààrọ̀ ẹ̀wù kí n tó gbé ọmọ. Ìgò júùsì kò gbọ́dọ̀ sí níbi tí ọmọ lè dé, torí májèlé ni tó bá mu ún, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó ti di oṣù márùn-ún báyìí. N kò tíì mu sìgá kan. Àyà ọmọ ti súfèé lẹ́ẹ̀kan láàárín ìgbà yẹn, lásìkò ọyẹ́, mo sì lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà láìdorí kodò.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fa èyí náà títí ayé. Ní oṣù tó ń bọ̀, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, èmi ni wọ́n sì fún láti máa gbé e lọ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ní àràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò fẹ́ bátìrì kankan lápò ẹni tó bá gbé ọmọ òun lọ́wọ́. Mo ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni yẹn. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun lọ láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí.

Ibi tí mo há sí rèé. Mo ti ń ra júùsì tí nikotíìnì rẹ̀ ń dín kù, mo ti dé èyí tó kéré jù tí wọ́n ń tà ní Ìbafò. Mo wá ní kí n máa dín agbára iná kù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àtọmáísà yìí kò mọ díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kọjá fóòtì márùn-ún, ó kú pátápátá, ebi sìgá á sì dé bí ẹni pé kò lọ níbì kankan. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ibùdókọ̀ Mòwé ni mo ti bá ara mi, tí mò ń dúró ti èéfín ẹlòmíràn. N kò rà á. Ṣùgbọ́n mo dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọbìnrin inú kọnténà ní kí n padà sí kékeré tí kò lágbára, tàbí kí n wá júùsì tí kò ní nikotíìnì rárá, kí n fi iná gíga fà á títí yóò fi sú mi. Dókítà ọmọ náà yin mí pé mo fi sìgá sílẹ̀, ó sì ní kí n wá rí òun nípa ìyókù. Màá lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdé, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi sìgá oníbátìrì sílẹ̀ láìpadà sí sìgá gidi, báwo lẹ ṣe sọ̀ kalẹ̀? Ṣé ẹ fò ni, àbí ẹ rí àtẹ̀gùn kan tí èmi kò tíì rí? Àti pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ọwọ́ yín ṣófo, kí lẹ fi ọwọ́ náà ṣe?